Bí a ṣe ń kọ́ fọ́tò yíyà lọ́wọ́ ọ̀gá kan ṣoṣo: irun dídì bí 'Okhai Ojeikere ṣe yà á

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kámẹ́rà, ìmọ̀ràn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé kó máa ya gbogbo ohun tó bá rí. Èmi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn yẹn rárá. Ẹni tó ya òdòdó lónìí, tó ya ọjà lọ́la, tó ya ìyàwó ọ̀ṣìngín lọ́túnla, kò ní ohun tó máa fi díwọ̀n bóyá ọwọ́ òun ti ń dára sí i tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí a ṣe ń kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ yìí ló dára jù: ẹ wá ọ̀gá kan, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ máa ṣe é bó ṣe ń ṣe é títí yóò fi mọ́ yín lára. Ọ̀gá náà ìbáà ti kú, ẹ ìbáà má rí i sójú rí, iṣẹ́ tó fi sílẹ̀ tó láti kọ́ yín.

Ọ̀gá tí mo máa ń júwe fún àwọn tó bá bi mí ni J.D. 'Okhai Ojeikere. Ọmọ Emai ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó. Ọdún 1930 ni wọ́n bí i. Ní 1950 ló ní kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́, Brownie D kékeré tí kò tilẹ̀ ní iná. Ìbàdàn ló ti wọṣẹ́ gan-an: ó ń kọ lẹ́tà léraléra sí Ilé-iṣẹ́ Ìjọba tó ń rí sí Ìròyìn, ó ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun ṣe olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò, títí wọ́n fi gbà á ní 1954. Ní 1961 ó bọ́ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, ní 1963 ó kó lọ sí Èkó láti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ ìpolówó ọjà, ní 1975 ó dá sítúdíò fọ́tò ti ara rẹ̀ sílẹ̀, ó pè é ní Foto Ojeikere. Ṣùgbọ́n láti 1968 ló ti ń ṣe ohun tí ayé fi mọ̀ ọ́n dòní: ó ń ya irun orí àwọn obìnrin. Lójú pópó, ní ọ́fíìsì, lóde àríyá, ibi tó bá ti rí irun tó wù ú ló ti ń bẹ ẹni tó ni ín. Fọ́tò irun nìkan tó yà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Wọ́n pàtẹ wọn ní Fondation Cartier, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ní Paris, ní 2000, wọ́n sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí Venice Biennale, ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ńlá ní Ítálì, ní 2013, ọdún kan kó tó jáde láyé ní oṣù Kejì 2014.

Ìdí tí mo fi ń mú un fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé òfin rẹ̀ kéré, gbogbo rẹ̀ ló sì hàn sójú fọ́tò. Orí kan. Ẹ̀yìn tí kò ní ohunkóhun. Dúdú àti funfun. Férémù onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpàkọ́ ló kọ sí wa, a ò rójú ẹni náà rárá. Gbogbo ohun tó lè fa ojú wa kúrò lára irun ló ti mú kúrò, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà: kí ẹ mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí ènìyàn wò, kí ẹ sì ní ìgboyà láti yọ ìyókù dànù. Ẹ lè fi fóònù kọ́ ọ. Ẹ ò nílò sítúdíò, ẹ ò nílò iná olówó gọbọi.

Ẹ kọ́kọ́ fi kámẹ́rà sílẹ̀

Ẹ wá fọ́tò irun rẹ̀ bíi mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú ojú ewé àwọn mùsíọ́mù àti àwọn ilé ìpàtẹ tó ní iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń mọ́ gaara. Ẹ fi sórí ohun tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju fóònù lọ bí ẹ bá rí i. Kí ẹ wá mú pẹ́ńsù àti ìwé, kí ẹ ya ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìlà ṣókí: róbótó orí, ìlà ọrùn, ibi tí èjìká ti gé. Kò pọn dandan kó dára. Ohun tí ẹ ń wá ni pé kí ọwọ́ yín bá ojú yín ṣiṣẹ́.

Bí ẹ ṣe ń yà á, ẹ máa bi ara yín léèrè. Apá ibo ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá? Ẹ wo abẹ́ etí àti ìsàlẹ̀ ìpàkọ́, òjìji tó wà níbẹ̀ ni yóò sọ fún yín. Báwo ni àyè tó wà lókè irun ṣe pọ̀ tó sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́? Ṣé ẹ̀yìn fọ́tò mọ́ ju irun lọ ni, àbí ó ṣókùnkùn? Ibo ni férémù ti gé ara ẹni náà? Ẹ kọ ìdáhùn sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan ni, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń fò ó. Àwọn tó bá fò ó ni wọn yóò ya irun títí tí wọn ò ní mọ ìdí tí tiwọn kò fi jọ tirẹ̀.

Ẹ wá onídìrí kan bá ṣiṣẹ́

Ọ̀nà tó yá jù ni kí ẹ lọ bá onídìrí àdúgbò yín. Òun ló mọ ẹni tó ń bọ̀ wá di ṣùkú lọ́jọ́ Sátidé, òun ló sì mọ orúkọ irun. Irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ni kí ẹ yà, lọ́jọ́ náà gan-an tàbí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìlà ṣì tò, tí awọ orí ṣì hàn láàárín ìlà kan àti èkejì. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan, irun á ti máa hó sókè, ìlà á sì ti rọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìpara tàbí àdí àgbọn pa á, ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi aṣọ rírọ̀ nù ún díẹ̀, torí dídán àpọ̀jù máa ń sọ orí irun di àmì funfun nínú fọ́tò.

Ẹ tọrọ àyè. Bí ẹni náà bá jù yín lọ: “Ẹ káàsán mà. Irun yín wù mí púpọ̀. Fọ́tò ni mò ń kọ́, ṣé ẹ lè gbà mí láàyè kí n ya ẹ̀yìn orí yín? Ojú yín ò ní hàn.” Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn máa ń ṣiṣẹ́ púpọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kọ̀ fọ́tò, ojú wọn ni wọn ò fẹ́ rí káàkiri. Bó bá jẹ́ ọmọdé ni, ìyá tàbí bàbá rẹ̀ lẹ máa bi, kì í ṣe onídìrí. Kí ẹ fún ẹni tí ẹ yà ní ẹ̀dà, kí onídìrí náà ní tirẹ̀.

Irun wo ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀? Kòlẹ́sẹ̀ ni mo máa ní kí ẹ mú, èyí tó ti iwájú orí bọ̀ títí dé ìpàkọ́. Bí ẹ bá ti ẹ̀yìn yà á, àwọn ìlà rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ tààrà, ẹ máa rí i kíá bí kámẹ́rà yín bá wọ́. Pàtẹ́wọ́, tó ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá pàdé láàárín orí, ló tẹ̀lé e. Ṣùkú, láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń pè, níbi tí ẹ ti máa rí bí gbogbo ìlà ṣe ń gòkè lọ sí góńgó. Irun tí wọ́n fi òwú kó, bí onílé gogoro, ẹ fi í sẹ́yìn pátápátá: ó ga, ó jìn, apá kan rẹ̀ ń da òjìji bo apá kejì, ó máa ń dán ẹni tí kò tíì mọ ìmọ́lẹ̀ wò.

Ìmọ́lẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù. Irun dúdú ni, òwú dúdú ni, ohun kan ṣoṣo tó sì lè jẹ́ kí ènìyàn rí ọ̀nà tí onídìrí là sórí ni òjìji. Ìlà irun kọ̀ọ̀kan ga díẹ̀ ju awọ orí lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti iwájú gan-an, bí iná kámẹ́rà ṣe máa ń ṣe, òjìji á sá pamọ́ sẹ́yìn ìlà, orí á sì rí pẹrẹsẹ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wá láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ kan ìlà á mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣókùnkùn, ẹ ó sì máa rí i bí ẹni pé ẹ lè fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ẹ pa iná kámẹ́rà, ẹ má sì tàn án mọ́.

Ẹ wá yàrá tó ní fèrèsé ńlá kan. Ẹ gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi mítà kan sí fèrèsé, kí ẹni náà jókòó kí fèrèsé wà ní apá òsì rẹ̀, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn rẹ̀. Aago mẹ́sàn-án sí mọ́kànlá àárọ̀ dára, ìrọ̀lẹ́ náà dára. Bí oòrùn bá ń wọlé tààrà, ẹ ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Ẹ pa iná inú yàrá, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ti ọ̀nà méjì wá.

Ní báyìí, ẹ má tíì ya nǹkan kan. Ẹ ní kí ó yí orí díẹ̀ sápá fèrèsé, díẹ̀ báyìí, kí ẹ wo ìpàkọ́ rẹ̀. Ẹ ní kí ó dá a padà, kí ó yí i sí apá kejì. Ẹ ó rí i pé ní ibì kan, gbogbo ìlà dìde lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà nítòsí etí àti èyí tó wà láàárín. Bó bá kọjá ibẹ̀ díẹ̀, ìdajì orí á wọ òkùnkùn. Ibi tí wọ́n ti dìde yẹn ni kí ẹ mú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ dábùú ìlà irun. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń bá ìlà lọ, kò ní sí òjìji. Ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ìlà tó lọ láti etí dé etí ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ láti òkè, nítorí náà ẹ wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń ti òkè wá. Ẹni tó bá mọ èyí dájú ti mọ ohun tó lè fi ya aṣọ òfì, igi gbígbẹ́ àti ojú àgbàlagbà.

Bí apá tó jìnnà sí fèrèsé bá ṣókùnkùn jù, ẹ gbé páálí funfun kan dúró lápá ibẹ̀, kí ó má hàn nínú férémù. Ẹ máa sún un mọ́ ọn, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn, títí òjìji yóò fi rọ̀ láì parẹ́.

Ẹ̀yìn fọ́tò

Aṣọ eléérú tí ẹ ti lọ̀ dáadáa ló rọrùn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni náà jìnnà sí i ní mítà kan ó kéré tán, kí òjìji rẹ̀ má baà bọ́ sórí aṣọ. Aṣọ funfun náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀tàn: kámẹ́rà á rí funfun púpọ̀, á rò pé ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù, á sì rẹ ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀, irun á wá di òkìtì dúdú. Aṣọ dúdú á ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ẹ wo ọrùn pẹ̀lú. Kí ó wọ aṣọ tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ tí kò ní òdòdó, kí ọrùn lè jáde gbọọrọ. Lébẹ́ẹ̀lì aṣọ tó yọ síta lẹ́yìn ọrùn ti ba fọ́tò dáadáa jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Yẹtí kékeré lè wà. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ẹni náà di ère.

Kámẹ́rà àti fóònù

Lórí fóònù, ẹ yí férémù sí onígun mẹ́rin ọgbọọgba kí ẹ tó ya, má ṣe dúró di ìgbà tí ẹ bá ń gé e. Ó yẹ kí ojú yín kọ́ láti ro ìrònú nínú férémù yẹn. Ẹ má fi lẹ́ńsì tó fẹ̀ sún mọ́ orí, yóò fẹ àárín orí, yóò sì sọ etí di kékeré. Bí fóònù yín bá ní lẹ́ńsì tó ń fa nǹkan sún mọ́, òun ni kí ẹ lò. Bí kò bá ní, ẹ fà sẹ́yìn tó mítà kan àtààbọ̀, kí ẹ gé fọ́tò náà nígbà tó bá yá. Ẹ pa ohun tó ń sọ ẹ̀yìn di bàìbàì, nítorí fóònù kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irun tó yọ àti aṣọ ẹ̀yìn, á fi bàìbàì jẹ etí irun. Ẹ tún pa ohun tó ń mú awọ ara jọ̀lọ̀. Ẹ fi ìka tẹ orí irun lójú fóònù, kí ẹ dì í mú títí yóò fi dúró síbẹ̀, kí ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀ títí ẹ ó fi rí awọ orí láàárín àwọn ìlà.

Ẹni tó ní kámẹ́rà gidi, ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/8, kí gbogbo orí lè mú láti góńgó dé ọrùn. Ihò tó fẹ̀ bíi f/1.8 tí gbogbo ayé ń fẹ́ràn kò wúlò níbí. Ìlà mẹ́ta á mú, ìyókù á lọ. Ẹ gbé e sórí ìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lo ìyára 1/60 (ìdá kan nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá), kí ẹ jẹ́ kí ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí, gòkè dé 800 tàbí 1600 bí yàrá bá ṣe rí. Lẹ́ńsì 85mm dára lórí kámẹ́rà fíìmù onígbà àtijọ́ tàbí èyí tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ tóbi tó ti fíìmù. 50mm tó fún èyí tó kéré.

Kí ojú kámẹ́rà wà ní ọgbọọgba àárín orí ẹni tó jókòó. Ẹ lóṣòó, ẹ kúnlẹ̀, ẹ jókòó sórí àpótí míràn. Ẹni tó bá dúró lókè tó ń wò ó nílẹ̀ á ya àtàrí, kò ní ya ìrísí irun.

Ẹ yà á láti ẹ̀yìn, ẹ yà á láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ yà á láti ibi tó wà láàárín méjèèjì. Ojeikere máa ń yí irun kan náà ká báyìí, ìdí sì ni pé irun jẹ́ ohun tó ní ẹ̀yìn, tó ní ẹ̀gbẹ́, tó ní òkè. Ẹ̀gbẹ́ kan kò lè sọ gbogbo rẹ̀.

Sísọ ọ́ di dúdú àti funfun

Ẹ ya fọ́tò ní àwọ̀, kí ẹ yí i padà lẹ́yìn náà, nínú Snapseed, áàpù tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, tàbí ohun yòówù tí ẹ bá ń lò. Ẹ má kàn pa àwọ̀ rẹ́ kí ẹ lọ sùn. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ yàtọ̀ síra nínú fọ́tò náà: irun, awọ orí, àti ẹ̀yìn. Bí méjì nínú wọn bá dọ́gba, fọ́tò ti rọ.

Awọ wa ní àwọ̀ pupa àti àwọ̀ ọsàn nínú, irun dúdú kò fi bẹ́ẹ̀ ní. Nítorí náà, níbi tí ẹ ti lè gbé àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sókè lọ́tọ̀, bí ẹ bá gbé ọsàn sókè díẹ̀, awọ orí láàárín ìlà á mọ́ sí i, irun kò ní mì. Díẹ̀ ni mo wí. Bí ọrùn ẹni náà bá ti ń jọ ti ẹni tó bóra, ẹ ti kọjá ààlà. (Àwọn tó bá fi àtàṣímẹ́ǹtì pupa dirun, ọgbọ́n yìí ò ní ṣiṣẹ́ fún wọn, irun náà á máa mọ́ pẹ̀lú awọ.) Ẹ má da àbààwọ́n àti yíya èké sí i kí ó lè jọ fọ́tò àtijọ́. Ìrísí àtijọ́ kọ́ ni iṣẹ́ Ojeikere. Ní ọjọ́ tó ya irun wọ̀nyẹn, irun ọjọ́ náà gan-an ló ń yà.

Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀

Ẹ fi fọ́tò yín sápá òsì, ẹ fi tirẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù sápá ọ̀tún, kí ẹ mú ìwé tí ẹ kọ nǹkan sí níbẹ̀rẹ̀. Ẹ wá ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó pọ̀ jù. Bóyá tirẹ̀ ní àyè lókè, tiyín kò ní. Bóyá òjìji tirẹ̀ rọ̀, tiyín le. Ọ̀kan yẹn nìkan lẹ máa tún ṣe nígbà míì. Bí ẹ bá tún mẹ́ta ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Kí ẹ sì padà lọ bá onídìrí. Orí mẹ́wàá ló yẹ kí ẹ yà lábẹ́ òfin kan náà kí ẹ tó ronú àtiyí òfin padà, torí ìgbà tí ẹ bá tò wọ́n sílẹ̀ pa pọ̀ ni ẹ ó tó rí ohun tó ń ṣe: orí kan jẹ́ fọ́tò, ọ̀pọ̀ orí tí wọ́n yà bákan náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọgbọ́n ọwọ́ onídìrí kan á yàtọ̀ sí ti èkejì.

Ẹ kọ orúkọ irun kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ìlú. Orúkọ irun ni Ojeikere fi sọ ọ̀pọ̀ fọ́tò rẹ̀: Ṣùkú, Kòròbà, Onílé Gogoro. Bí kò bá kọ ọ́, ọ̀pọ̀ irun tí kò sí lórí ẹnikẹ́ni mọ́ lónìí ni a ò ní mọ ohun tí wọ́n ń jẹ́. Bí onídìrí bá pe irun kan ní orúkọ tí ẹ ò gbọ́ rí, ẹ bi í ibi tó ti kọ́ ọ, kí ẹ kọ ìyẹn náà.

Nígbà tó bá ti mọ́ yín lára

Ẹ gbé òfin náà kúrò lórí irun, kí ẹ gbé e sórí ohun míràn. Ojeikere náà ya gèlè. Ẹ̀yin lè ya fìlà: gọ̀bì, abetí ajá, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn lásán, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ẹ lè ya ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Ní ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé òfin kan ń há yín mọ́, pé fìlà aṣọ òkè ń fẹ́ àwọ̀ rẹ̀, pé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ kí iná arọ wà lẹ́yìn. Ẹ tú òfin yẹn. Ẹ má tú ìyókù.

Bí ẹ bá ń gbé àwọn fọ́tò ìkọ́ṣẹ́ yìí sí gbangba, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà Ojeikere ni ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ má sì fi fọ́tò tirẹ̀ gan-an polówó ọjà yín, torí ó ní àwọn tó jogún rẹ̀. Bí onídìrí bá gbà, orúkọ tirẹ̀ ni kí ó ṣáájú orúkọ yín.